Bàbá ní ilé ọkọ nìkan ni ọmọbìnrin òun ń lọ, iṣẹ́ sì wà ní Wuse

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Obìnrin ni mí, ọmọ ọdún 25. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí mi, ṣùgbọ́n Masaka, lẹ́bàá Àbújá, la ti ń gbé láti kékeré mi. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, ibi tí mo ti sìn ní Wuse, láàárín Àbújá, sì gbà mí síṣẹ́, ₦180,000 lóṣù. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mò ń jáde nílé, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mò ń wọlé. ₦3,000 ni mò ń wọkọ̀ lójúmọ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ fẹ́ jọ gba self-contain nítòsí. Bàbá mi ní ilé ọkọ nìkan ni ọmọbìnrin òun lè tìtorí rẹ̀ kúrò nílé òun. Màámi ní kí ni àwọn ará ìjọ máa sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin rèé, ọmọ ọdún 28, kò níṣẹ́, ó wà nílé, kò sẹ́ni tó ń bá a wí. Kí ni kí n ṣe? Ọmọ Masaka.

Ìdáhùn: Ẹ máa kúrò nílé, ṣùgbọ́n kì í ṣe lóṣù yìí. Owó kò tíì pé, ẹ ò sì tíì gbọ́ ohun tí bàbá yín ń sọ gan-an. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbá ọ̀rọ̀ owó mú, nítorí bí ẹ bá wọlé tọ bàbá láì tíì ṣírò, ìbéèrè kan péré ni wọ́n máa fi dá yín padà sí yàrá.

Ẹ mú lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ yín jáde. Bí kò bá sí lẹ́tà, tó jẹ́ pé ọ̀gá kàn sọ lẹ́nu pé ẹ máa bọ̀ níṣẹ́, ẹ ò tíì ní iṣẹ́ tí èèyàn ń gbójú lé gba ilé ọdún kan. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún agbanisíṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta péré láti kọ àdéhùn sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó ń fi agbára ara ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé. Ilé iṣẹ́ tó bá mọ ohun tó ń ṣe máa ń fún gbogbo èèyàn. Nínú lẹ́tà náà, ẹ wá oṣù tí wọ́n fi ń dán yín wò, ẹ wá ọjọ́ ìkìlọ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín kí wọ́n tó dá yín dúró, ẹ sì wò ó bóyá ₦180,000 yẹn jẹ́ owó kí wọ́n tó yọ nǹkan kúrò tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ló ń fi oṣù mẹ́fà dán ẹni tuntun wò. Ẹ má san owó ilé kí lẹ́tà kejì tó jáde, èyí tó sọ pé iṣẹ́ ti di tiyín.

Ká ní ₦180,000 yẹn jẹ́ owó kí wọ́n tó yọ nǹkan kúrò. Ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ máa yọ owó ìfẹ̀yìntì: 8 nínú 100 láti ọwọ́ tiyín, àwọn náà á fi 10 sí i. Bí wọ́n bá yọ ọ́ lórí gbogbo owó oṣù yín, ₦14,400 nìyẹn. Lábẹ́ òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí rárá. Ìyókù tiyín jẹ́ 15 nínú 100. Tí a bá ti yọ owó ìfẹ̀yìntì ṣáájú, owó orí yín á tó ₦14,840 lóṣù. Ohun tó máa wọ àkáǹtì jẹ́ nǹkan bí ₦150,700. Òun la ó máa fi ṣírò láti ibí lọ. Ẹ jẹ́ ká gbàgbé 180,000.

Ọjọ́ iṣẹ́ 22 ní ₦3,000 jẹ́ ₦66,000. Ó ku ₦84,700. Inú rẹ̀ lẹ ti ń ra káàdì, oúnjẹ ọ̀sán àti aṣọ, ṣùgbọ́n ẹ ò san owó ilé, ẹ ò sì ra ìrẹsì. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí inú bá ń bí yín sí bàbá: oúnjẹ alẹ́ tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ dè yín ló máa gba ilé náà fún yín.

Iye ilé ní Àbújá yàtọ̀ láti òpópónà kan sí èkejì, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi ₦600,000 ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹ fi iye tí ẹ bá bá pàdé rọ́pò rẹ̀. Ẹ́jẹ́ńtì máa ń gba 10 nínú 100, ìyẹn ₦60,000. Owó àgíríìmẹ́ńtì náà sábà máa ń jẹ́ 10, ₦60,000 mìíràn. Owó kọ́ṣọ̀n, tí lánlọ́ọ̀dù ń dì mú nítorí ohun tó bá bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká pè é ní ₦50,000. Gbogbo rẹ̀ di ₦770,000. Ìdajì tiyín jẹ́ ₦385,000. Lẹ́yìn náà ni fóòmù, sílíńdà gáàsì, fáànù, kọ́tìnì, bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá méjì (ẹ má fi ẹyọ kan ṣe é, nítorí omi Àbújá mọ ọjọ́ tó ń lọ), ìkòkò àti àgádágodo tuntun. Ẹ fi ₦115,000 sí ìyẹn, ó di ₦500,000 fún ẹ̀yin nìkan. Bí ẹ bá ń tọ́jú ₦55,000 lóṣù, nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni. Bí ẹ bá ti fi nǹkan pamọ́ nínú ₦77,000 ti àgùnbánirọ̀, á yá jù bẹ́ẹ̀. Bí àjọ bá wà níbi iṣẹ́, ẹ wọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé oṣù tí ẹ máa kó o bá oṣù tí ẹ máa san owó ilé mu. Àjọ tí èèyàn bá kó ṣáájú oṣù márùn-ún, aṣọ ẹbí ló sábà ń gbé e lọ.

Ohun tó ń dá ọ̀dọ́ padà sílé bàbá, owó ilé ọdún kejì ni. Ọdún kìíní, gbogbo ẹbí á ti dá sí i, inú èèyàn á dùn, á ra kọ́tìnì. Tó bá wá di oṣù kẹwàá, lánlọ́ọ̀dù á fi ìwé ránṣẹ́ pé ₦600,000 ti di ₦750,000, kò sì sí kọ́bọ̀ kan nílẹ̀. Nítorí náà, láti oṣù àkọ́kọ́ tí ẹ bá wọlé, ẹ máa yọ ₦25,000 sọ́tọ̀, ìyẹn ìdá 12 nínú ₦300,000 tiyín, kí ẹ sì fi ₦5,000 kún un nítorí àlékún. Àkáǹtì tí kò ní káàdì ATM ni kí ó máa wọ̀. Ẹ wò ó bí oṣù kan á ṣe rí nígbà náà: owó ilé ọdún tó ń bọ̀ ₦30,000, ọkọ̀ ₦22,000 bí ₦1,000 bá tó yín lójúmọ́, oúnjẹ ₦45,000, iná, gáàsì àti dátà ₦18,000, owó tí ẹ ń fún bàbá àti ìyá ₦20,000. ₦135,000 nìyẹn. Ó ku ₦15,700 fún ìpara, oògùn àti ìgbéyàwó àwọn ọ̀rẹ́. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò ní àyè àṣìṣe. Ẹ gba rìsíìtì owó ilé kí ẹ sì fi han àwọn tó ń san owó oṣù yín, nítorí òfin ní kí wọ́n yọ ìdá 20 nínú 100 owó ilé kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó orí. Ohun tí ìyẹn máa dín kù nínú owó orí tiyín kò ju ₦750 lóṣù lọ. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Ó wá kan bàbá.

Ẹ wo gbogbo ọ̀nà tí ọmọ Yorùbá fi ń kúrò nílé látijọ́. Ọmọ tó lọ kọ́ṣẹ́, wọ́n fà á lé ọ̀gá lọ́wọ́. Ìyàwó, wọ́n fà á lé àwọn àna lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹkún àti ìwúre. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó lọ ṣòwò ní Gánà kí ìjọba ibẹ̀ tó lé àjèjì lọ́dún 1969, àti àwọn tó gba ọ̀nà Jos àti Kano lọ, ọ̀dọ̀ ará ìlú wọn tó ti débẹ̀ ṣáájú ni wọ́n ń sọ̀ sí. Ọmọkùnrin tó fẹ́yàwó kò tilẹ̀ jáde kúrò lágbo ilé. Yàrá ni wọ́n ń fi kún ilé fún un. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí ibi tí ọmọ ti ń di ẹrù lọ láìsí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ òbí. Bàbá yín kan náà ló jẹ́ kí ẹ sùn ní àgọ́ àgùnbánirọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láàárín ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí wọn kò mọ̀ rí. Ìjọba ló gbà yín. Bí mo ṣe gbọ́ "ilé ọkọ nìkan" sí, ọkọ kọ́ ni wọ́n ń sọ. "Ta ni n ó fa ọmọ mi lé lọ́wọ́?" ni wọ́n ń béèrè. Bí ẹ bá fi "mo ti dàgbà, òfin fún mi láṣẹ" dáhùn, irọ́ kọ́ ni ẹ pa, ṣùgbọ́n ẹ ò dáhùn ohun tí wọ́n bi yín.

Nítorí náà, ẹ wá ẹni tó máa gbà yín. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín wá sí Masaka lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó sọ ohunkóhun, kí ó kúnlẹ̀ kí wọn, kí wọ́n mọ ọmọ ta ni. Ẹ jẹ́ kí màmá yín àti màmá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí ará ìlú yín kan tàbí ará ìjọ bá ń gbé ní àdúgbò tí ẹ fẹ́ gba ilé sí, ẹ wá orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Èyí dára ju àdúgbò tó fani mọ́ra tí ẹ ò ti mọ ẹnikẹ́ni.

Màmá ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún, nídìí ààrò, kì í ṣe lórí WhatsApp. Ẹnu ará ìjọ ló ń bà wọ́n lẹ́rù, ẹ fún wọn ní gbólóhùn tí wọ́n lè fi dáhùn: "Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló jìn, òun àti ọmọ ìyá lágbájá ni wọ́n jọ wà, ọjọ́ Sátidé ló ń wálé." Kò gbọ́dọ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan tí bàbá yín ń dọ̀bálẹ̀ fún: ẹ̀gbọ́n wọn, tàbí àgbà kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ẹnì kan ṣoṣo. Bí ẹ bá kó èèyàn mẹ́ta jọ, ó di ẹjọ́, bàbá tí wọ́n bá sì pè lẹ́jọ́ nínú ilé ara rẹ̀ kì í gbà fún ẹnikẹ́ni.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ọmọ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí sún kẹrẹ fà kẹrẹ ti fi ojú rẹ̀ rí màbo. Ó rẹ ọmọ, bàbá ti ń ṣàníyàn láti aago méje, ariwo ló máa ń dà. Àárọ̀ Sátidé ló dára, kí wọ́n tó jáde. Ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré: aago tí ẹ jáde, aago tí ẹ dé Mararaba, aago tí ẹ kọjá Nyanya, aago tí ẹ dé ìkóríta AYA, aago tí ẹ wọlé. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ fi ìwé náà lé wọn lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn kà á. Aago mẹ́rin ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án alẹ́, wákàtí 16 ààbọ̀ nìyẹn níta, nínú òkùnkùn lọ, nínú òkùnkùn bọ̀. Bàbá tó ń gbé lọ́nà Keffi mọ "one chance", ọkọ̀ àwọn olè tó ń díbọ́n bí ọkọ̀ èrò, wọ́n mọ̀ pé ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn lóru kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń lọ síbi tó pè. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ òmìnira kún un. Ọ̀nà ni ẹ̀sùn yín, ẹ má kúrò lórí ọ̀nà.

Bí wọ́n bá ní àwọn á rò ó, ẹ fi sílẹ̀ fún oṣù kan. Ṣé oṣù mẹ́sàn-án owó náà ò tíì pé.

Wàyí o, ohun kan wà tó pa ìṣòro bàbá àti ìṣòro lánlọ́ọ̀dù pọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn lánlọ́ọ̀dù Àbújá kì í fẹ́ fún ọmọge méjì ní ilé. Ẹ́jẹ́ńtì á béèrè lórí fóònù pé "ṣé ẹ ti lọ́kọ?", tí ẹ bá ní rárá, ilé tó ṣí sílẹ̀ láàárọ̀ á ti ní ẹni tó gbà á ní ọ̀sán. Ìwà àìdáa ni, mi ò sì gbè é lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ máa bá pàdé nìyẹn. Bàbá tó bá dé fìlà, tó bá yín lọ wo ilé, tó bọ lánlọ́ọ̀dù lọ́wọ́, tó sì fọwọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí onídùúró, ọ̀rọ̀ parí. Nítorí náà, ẹ má wá ilé parí kí ẹ tó wá sọ fún wọn. Ẹ yan ilé mẹ́ta, kí ẹ ní kí wọ́n wá bá yín mú ọ̀kan. Lọ́jọ́ yẹn, bàbá ti fa ọmọ léni lọ́wọ́: ó mọ onílé, ó mọ ojúlé, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Orúkọ ẹ̀yin méjèèjì ni kí ó wà nínú àgíríìmẹ́ńtì gẹ́gẹ́ bí ayálégbé. Bó bá jẹ́ ti ọ̀kan ṣoṣo, èkejì ti di àlejò nínú ilé tó sanwó rẹ̀. Kí ẹ̀yin méjèèjì sì kọ ọ́ sílẹ̀ láàárín ara yín: bí ẹnì kan bá lọ́kọ tàbí tó gba iṣẹ́ sí ìlú mìíràn ní àárín ọdún, ta ló ń wá arọ́pò, ṣé wọ́n máa dá owó tó ṣẹ́kù padà fún un?

Nígbà tí ẹ bá ń wo ilé, ẹ wo ògiri ìta àti ti ojú òpópónà kí ẹ tó wo yàrá. Bí ẹ bá rí àmì ọ̀dà pupa tí àwọn Development Control, ẹ̀ka ìjọba tó ń wó ilé tí kò bófin mu, fi sí i, ẹ yí padà. Ilé tí wọ́n lè wó ni, bó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó. Ẹ tún lọ lálẹ́, ní aago mẹ́jọ, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn láti ibi tí ọkọ̀ ń já èèyàn sí títí dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi, ẹ bi ayálégbé mìíràn, kì í ṣe ẹ́jẹ́ńtì, pé ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀ ni omi ń wá, ta ló sì ń san owó tó ń fa omi. Ẹ ní kí wọ́n fi nọ́ńbà mítà ra iná ₦1,000 níṣojú yín: bí gbèsè bá wà lórí mítà, ibẹ̀ ló ti máa jáde, nítorí wọ́n á yọ lára rẹ̀. Owó tí ẹ́jẹ́ńtì ń gbà kó tó mú yín lọ wo ilé, ẹ san án lẹ́yìn tí ẹ bá ti dé ilé náà. Owó ilé kò gbọ́dọ̀ wọ àkáǹtì ẹ́jẹ́ńtì. Àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ tó wà nínú àgíríìmẹ́ńtì ni. Nínú àgíríìmẹ́ńtì ọ̀hún, ẹ wá ibi tí ìkìlọ̀ wà. Òfin Àbújá fún ayálégbé ọlọ́dọọdún ní ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ọjọ́ méje kí ọ̀rọ̀ tó dé kóòtù, àyàfi tí ẹ bá ti fọwọ́ sí ohun tó kéré jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fọwọ́ sí i láì kà á.

Títí owó á fi pé, ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹbí Yorùbá níbí ń tọ̀: kí ẹ máa sùn ní ọ̀dọ̀ ẹbí kan láàárín ìlú láti Mọ́ńdè sí Fráídè, kí ẹ máa wálé lópin ọ̀sẹ̀. Bàbá yín kò ní lè kọ èyí, nítorí ó ti mọ ẹni tó gbà yín. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé onílé á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ọmọ ọ̀dọ̀ ló dé. Ẹ jẹ́ kí màmá yín bá wọn sọ oṣù tí ẹ máa lò kí ẹ tó gbé báàgì dé, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo, ẹ máa ra gààrì, epo tàbí ọṣẹ dání ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Ẹ máa fọ abọ́ tí ẹ bá lò àti tàwọn ọmọ ilé. Ẹ má di ẹni tó ń fọ aṣọ gbogbo ilé.

Ti owó oṣù àkọ́kọ́, bí ẹ kò bá tíì ṣe é, ẹ ṣe é báyìí: ẹ fi nǹkan díẹ̀ sínú àpòòwé, ti bàbá lọ́tọ̀, ti màmá lọ́tọ̀, kí wọ́n súre sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ iye tí ẹ ò lè máa san nígbà tí ẹ bá ti ń san owó ilé. Ẹni tó ń fún wọn ní ₦40,000 tẹ́lẹ̀, tó wá já a sí ₦20,000 lẹ́yìn tó kó lọ, ilé tó gbà ni wọ́n máa dá lẹ́bi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ₦20,000.

Ẹ̀gbọ́n yín? Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí pátápátá. Òótọ́ ni pé wọ́n ń fi òdiwọ̀n méjì wọn ẹ̀yin méjèèjì, ó sì yẹ kí inú bí yín, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ níwájú bàbá, ìjà ọmọ ìyá ló kù. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó lọ, ẹ ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú ohun kan: ìwé-ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ yín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìbáà jẹ́ Masaka ni wọ́n bí i sí, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa kà á mọ́, wọ́n sì máa béèrè ìwé yẹn. Àwọn kan kì í rántí rẹ̀ àfi ní ọjọ́ mẹ́ta tó kù kí ìforúkọsílẹ̀ parí. Ẹ gba tiyín pẹ̀lú nígbà tí bàbá bá tún ń lọ sílé.

Bí oṣù mẹ́sàn-án bá pé, tí owó pé, tí àgbà ti sọ̀rọ̀, tí bàbá sì ṣì kọ̀, ẹ tún ní sùúrù oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì máa lo ilé ẹbí lọ. Ẹ tún béèrè. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè sọ ọjọ́ tí ẹ máa lọ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ lọ ní ọ̀sán gangan, kí wọ́n rí ọkọ̀ tó kó ẹrù. Ọmọ tó bá fi òru kó ẹrù ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tó sá lọ, ọ̀rọ̀ yẹn kì í tán nílé.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ tí lánlọ́ọ̀dù fún yín kúrò lára ilẹ̀kùn, ẹ fi tuntun sí i, nítorí ẹ ò mọ iye ẹni tó ní ti àtijọ́ lọ́wọ́. Ẹ gé mẹ́ta: tiyín, ti ọ̀rẹ́ yín, ẹ fi ẹ̀kẹta sọ́wọ́ màmá ní Masaka.